Ilé Ọba Tó Jó: Àríwísí Lórí Ọ̀nà Ìpinnu Nípa Àtúnlò Ààfin Lẹ́yìn Ìjà ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ìtumọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí òwe yìí ni pé àjálù lè di ọ̀nà ire: ààfin àtijọ́ lọ, ààfin tuntun tí ó gbayì jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe náà dákẹ́ lórí ohun méjì. Kò sọ ẹni tí ó dáná sun ilé náà, kò sì sọ ẹni tí ó ru igi, tí ó po amọ̀, tí ó gé koríko kí ẹwà náà tó dé. Irú ìdákẹ́jẹ́ yìí kan náà ni ó wà nínú àwọn ọ̀nà ìṣirò tí àwọn ayàwòrán-ilé àti àwọn onímọ̀ nípa àjogúnbá ń lò lónìí láti pinnu ohun tí ó yẹ kí a fi ilé àtijọ́ ṣe lẹ́yìn ogun tàbí rògbòdìyàn. Ìtàn ààfin Ọ̀yọ́ àti ti Ògbómọ̀ṣọ́ fi hàn pé ibi tí òwe náà dákẹ́ sí gan-an ni ìpinnu wà.

Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí ni Analytic Hierarchy Process, tí Thomas Saaty gbé kalẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1980. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti lóye. A ó kọ́kọ́ to àwọn ohun tí a fẹ́ wò lẹ́sẹẹsẹ: bí ilé náà ṣe lágbára tó, iye owó tí àtúnṣe rẹ̀ yóò gbà, iyì rẹ̀ nínú ìtàn, àǹfààní tí ará àdúgbò yóò rí níbẹ̀. A ó wá fi wọ́n wé ara wọn ní méjì-méjì, kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn sọ èyí tí ó ṣe pàtàkì ju èkejì lọ, láti orí 1, tí ó túmọ̀ sí pé wọ́n dọ́gba, títí dé 9, tí ó túmọ̀ sí pé ọ̀kan ju èkejì lọ pátápátá. Láti inú ìdáhùn wọ̀nyí ni ìwúwo ohun kọ̀ọ̀kan ti ń jáde. Ìwúwo náà ni yóò sọ bóyá kí ilé di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, tàbí ilé-ìwé, tàbí kí ó padà sí iṣẹ́ tí ó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà yìí ní ìwà rere kan tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú rénà: ó ń mú kí olùdámọ̀ràn sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ síta, kí ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ìpinnu tí a ṣe lẹ́yìn ìlẹ̀kùn títì kò ní irú ìwà bẹ́ẹ̀.

Níbi tí kò bá sí ìjà, àtẹ ìdíwọ̀n yìí lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Ilé ìwòsàn tí àwọn Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1907 ti di ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Bowen. Kò sí ìdílé tí yóò gbé ọfà nítorí pé ilé ìwòsàn ṣì jẹ́ ilé ìwòsàn. Ìbéèrè tí ó máa ń kù nípa irú ilé bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti òrùlé, ti omi, ti iye ibùsùn tí ó lè gbà, nọ́ńbà sì lè dáhùn wọn.

Ọ̀rọ̀ ààfin kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Hugh Clapperton dé Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, ó ròyìn pé ilé ọba àti ti àwọn ayaba gba ilẹ̀ tí ó tó nǹkan bí máìlì kan níbùú lóròó. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó parí ní 1897 ṣùgbọ́n tí a kò tẹ̀ jáde títí di 1921, sọ pé kòbì 120 ni ó wà ní ààfin náà. Kòbì kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ó jẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí a yọ síta lára ilé, tí òrùlé rẹ̀ ga ju ti ìyókù lọ, tí ojú sì fi ń mọ̀ láti òkèèrè pé ilé ọba nìyí. Ìjòyè tàbí ọba abẹ́ Aláàfin tí ó bá fẹ́ yọ kòbì sí ilé tirẹ̀ ní láti gba àṣẹ. Nígbà tí ogun Ìlọrin tú Ọ̀yọ́ Ilé ká ní nǹkan bí 1836 sí 1837, ilé tí ó ní gbogbo kòbì wọ̀nyí ṣófo. Kò sí ẹni tí ó padà síbẹ̀ láti tún un kọ́.

Àtìbà, tí ó jọba lẹ́yìn ìtúká náà, kọ́ ààfin rẹ̀ sí Àgọ́-Ọjà ní ìhà gúúsù, níbi tí Ọ̀yọ́ wà títí di òní. Ohun tí ó ṣe níbẹ̀ kì í ṣe àtúnlò ilé bí ìwé àwọn ayàwòrán-ilé ṣe ń sọ ọ́, nítorí pé kò gbé ògiri kankan wá. Ìlànà ni ó gbé wá: ààfin tí ó ní kòbì, oyè àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, ètò àdúgbò, àti orúkọ Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀. Ní 1994, àwọn onímọ̀ àjogúnbá pàdé ní ìlú Nara ní Japan, wọ́n sì gbà pé ìjótìítọ́ ohun àtijọ́ lè má wà nínú igi àti òkúta rẹ̀ nìkan, pé ó lè wà nínú ìlò rẹ̀, nínú àṣà àti ẹ̀mí tí ó rọ̀ mọ́ ọn. Àtìbà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é ní nǹkan bí 150 ọdún ṣáájú wọn.

Ibi tí ìyìn fún Àtìbà máa ń parí sí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, Àgọ́-Ọjà kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo. Ó ti ní ìdílé, ó ti ní olórí, ó ti ní orúkọ. Ó hàn nínú ìròyìn Johnson pé Àtìbà kó àwọn ará ìlú àti abúlé àyíká wá láti fi kún ìlú tuntun náà, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ó fínnú-fíndọ̀ wá. Bí a bá gbé ìpinnu yìí lé orí àtẹ ìdíwọ̀n, ó ṣeé ṣe kí àtẹ náà fara mọ́ ọn: ààbò kúrò lọ́wọ́ ẹlẹ́ṣin Ìlọrin yóò wúwo, igbó tí ó wà ní gúúsù yóò gba máàkì, Ọ̀yọ́ Ilé yóò sì fìdí rẹmi. Ṣùgbọ́n ta ni à bá bi ní ìbéèrè? Bí ó bá jẹ́ àwọn tí wọ́n sá kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé nìkan, ìdáhùn wà nílẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àwọn ará Àgọ́-Ọjà pẹ̀lú, ìdáhùn mìíràn ni. Àtẹ kò lè pinnu ẹni tí ó yẹ kí ó jókòó sí ìdí rẹ̀. Ẹnìkan ti pinnu ìyẹn tẹ́lẹ̀, ẹni náà ni ó sì ṣe ìpinnu ní tòótọ́. Ohun tí Ọ̀yọ́ fi dáhùn sí ìṣòro yìí ni oyè: ìdílé Ọjà ni oyè Aṣípa wà. Ìjókòó nínú ìlú jẹ́ ohun tí ẹni tí ó ti wà nílẹ̀ lè máa tọ́ka sí láti ìran dé ìran, ó sì lè máa fi jiyàn. Iyàn náà kò tíì tán. A lè sọ pé àléébù ètò náà nìyẹn, ṣùgbọ́n ó dára ju ìdákẹ́jẹ́ lọ.

Òrùlé ni a ti lè rí ọ̀rọ̀ yìí kedere jù. Láyé àtijọ́, koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo ààfin, koríko a sì máa jẹrà. Lọ́dọọdún ni a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀, lọ́dọọdún ni ọdún Bẹẹrẹ sì ń wáyé, tí àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ Ọ̀yọ́ ń kó bẹẹrẹ wá fún Aláàfin. S. O. Babayemi kọ àpilẹ̀kọ nípa ọdún náà ní 1973, ó sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ṣe ìwádìí nípa ilé ní ilẹ̀ Yorùbá kà á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ìtàn ni wọ́n máa ń kà á mọ́. Ìdì koríko tí ìlú kan gbé wá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ìlú náà: a ṣì wà pẹ̀lú yín. Ìlú tí kò bá wá ti sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, ọ̀tẹ̀ ni wọ́n sì ń kà á sí. Ní kúkúrú, àtúnṣe òrùlé ni ọ̀nà tí ìjọba náà fi ń mọ iye ẹni tí ó ṣì gbà.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 1895, Ọ̀gágun R. L. Bower, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn, yìnbọn lu Ọ̀yọ́ nígbà ayé Aláàfin Adéyẹmí Kìíní. Àríyànjiyàn lórí àṣẹ ìdájọ́ ni ó fa á: Gẹ̀ẹ́sì kò gbà pé kí Aláàfin máa dá irú ẹjọ́ kan mọ́. Iná ran àwọn òrùlé koríko. Òwe ilé ọba tó jó kò wá jẹ́ òwe mọ́, ojú ni ará Ọ̀yọ́ fi rí i. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1896, ìjọ C.M.S. gbé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ rẹ̀ láti Èkó wá sí Ọ̀yọ́, èyí tí a mọ̀ sí St Andrew's College lẹ́yìn náà. Ìlú tí ìbọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ nínú rẹ̀ ti ń gba ilé irú mìíràn.

Àkókò amúnisìn tí ìbọn yẹn ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ni páànù gba ipò koríko. Ẹ jẹ́ kí a bi àtẹ ìdíwọ̀n léèrè bóyá ìpinnu yẹn dára. Páànù kì í tètè gbiná. Kò nílò ìpààrọ̀ lọ́dọọdún. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kò ní fi iṣẹ́ oko sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Gbogbo òdiwọ̀n ni páànù ti borí, onímọ̀ kankan kò sì ní jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí páànù gun orí ààfin, ìdí tí àwọn ìlú fi ń wá lọ́dọọdún já. Òrùlé di ọ̀rọ̀ láàárín ọba àti ẹni tí ó ń ta páànù. Kòbì ṣì wà, ó ṣì yọ síta, ojú arìnrìn-àjò ṣì ń rí i, fọ́tò rẹ̀ sì ń dára. Ohun tí ó lọ kò ní àwòrán. Àtẹ tí ó kọ "iyì nínú ìtàn" sí ìlà kan àti "ìtọ́jú" sí ìlà mìíràn ti pín ohun tí ó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo sí méjì, nítorí pé ní Ọ̀yọ́, ìtọ́jú gan-an ni iyì náà.

Àpẹẹrẹ kan láti òkè ààlà fi hàn bí ọ̀rọ̀ ṣe lè yíjú síbòmíràn. Ní 1892, nígbà tí ọmọ ogun Faransé ń sún mọ́ Abomey, ọba Béhanzin fúnra rẹ̀ ni ó ní kí wọ́n dáná sun ààfin kí ọ̀tá má bàa jogún rẹ̀. Àwọn Faransé náà ni ó wá tún apá kan ṣe lẹ́yìn náà, tí ààfin Guézo àti ti Glélé sì di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láàárín ọdún 1940 sí 1949. UNESCO kọ àwọn ààfin Abomey sínú ìwé àjogúnbá àgbáyé ní 1985. Gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìpamọ́, ó yẹ fún ìyìn. Gẹ́gẹ́ bí ìpinnu, ẹni tí ó ṣẹ́gun ni ó ṣe é, ní ilé tí onílé ti fi iná sọ pé òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò ó. Kò sí àtẹ tí ó ní ìlà fún irú ìkọ̀sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀yọ́ bọ́ lọ́wọ́ èyí: ààfin rẹ̀ kò di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ọba ṣì ń gbé inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó nira jù, nítorí pé ìjà ibẹ̀ kò ti òde wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ọdún 1969, nígbà rògbòdìyàn Àgbẹ́kọ̀yà lórí owó-orí ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn tí inú ń bí kọlu ààfin, wọ́n sì pa Sọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, Ọba Ọlájídé Ọláyọdé. Kì í ṣe ọba ni ó ṣòfin owó-orí. Ìjọba ìpínlẹ̀ ni, lábẹ́ àwọn ológun. Ṣùgbọ́n láti ayé amúnisìn ni àwọn ìjọba ti ń gba ọ̀dọ̀ ọba kọjá kí wọ́n tó dé àpò àgbẹ̀, ẹnu ọ̀nà ààfin sì ni àgbẹ̀ mọ̀. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹwàá ọdún kan náà, lẹ́yìn tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti lọ bá Tàfá Adéoyè àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìjọba dín owó-orí náà kù sí pọ́n-ùn méjì. Ọba mìíràn jẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, Ọba Jimoh Oyèwùmí Ajagungbádé Kẹta gun orí oyè ní 1973, ó sì lo ọdún 48 níbẹ̀. Ààfin kò di ọ́fíìsì, kò di ilé ìrántí. Ó padà di ààfin.

Bí ẹnìkan bá gbé àtẹ ìdíwọ̀n wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1970, kí ni yóò rí? Ẹ jẹ́ kí a mú ènìyàn méjì péré. A bi wọ́n bóyá kí ààfin padà di ilé ọba tàbí kí a fi ilẹ̀ rẹ̀ ṣe ohun mìíràn tí ará ìlú yóò jọ máa lò. Ọmọ ilé ọba fún ààfin ní 9. Àgbẹ̀ tí wọ́n ti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́lé nítorí owó-orí fún un ní ìdàkejì 9, ìyẹn 1/9. Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ yìí ń gbà pa ìdáhùn ẹgbẹ́ pọ̀ jẹ́ kí a sọ àwọn nọ́ńbà di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn, kí a sì wá gbòǹgbò èsì náà. A sọ 9 di púpọ̀ ní ọ̀nà 1/9, ó jẹ́ 1. Gbòǹgbò 1 náà sì jẹ́ 1. Lórí òsùwọ̀n Saaty, 1 túmọ̀ sí pé ohun méjèèjì dọ́gba. Ẹni méjì tí ẹ̀jẹ̀ ti ta sílẹ̀ láàárín wọn ti di ẹni méjì tí kò bìkítà. Bí a bá sì bi ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí gbogbo wọn dáhùn 1 nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn wọ́n, èsì kan náà ni. Àtẹ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìlú tí ó pín sí méjì àti ìlú tí ó ń sùn.

Àwọn tí ń gbèjà ọ̀nà yìí yóò sọ pé àyẹ̀wò kan wà nínú rẹ̀ tí a fi ń mọ̀ bóyá ìdáhùn ṣeé gbára lé, tí ìwọ̀n àìbáramu kò sì gbọdọ̀ kọjá 0.10. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí àyẹ̀wò náà ń wò ni bóyá ìdáhùn ẹnìkan tako ara wọn: bí ó bá ní A ju B lọ, tí B sì ju C lọ, ṣé ó rántí pé A yẹ kí ó ju C lọ? Àgbẹ̀ inú àpẹẹrẹ yìí lè yege nínú àyẹ̀wò náà, ọmọ ọba pẹ̀lú. Lẹ́yìn ìjà, àwọn ènìyàn kì í sábà tako ara wọn nínú ọkàn wọn. Ẹlòmíràn ni wọ́n ń tako.

Kò yẹ kí a torí èyí sọ pé bẹẹrẹ sàn ju àtẹ lọ. Iṣẹ́ àṣẹ ni bẹẹrẹ. Ẹni tí ó bá kọ̀ láti gé e lè rí ogun lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, nítorí náà iye tí ó ń kà kì í ṣe iye àwọn tí ó gbà tọkàntọkàn nìkan. Bákan náà ni ètò àtijọ́ náà máa ń gbàgbé àwọn kan nígbà tí ọ̀rọ̀ ilé bá délẹ̀. Ààfin Ọ̀yọ́ kì í ṣe ilé ọkùnrin kan. Àwọn ìyá ààfin ni ó ń mú un ṣiṣẹ́: Ìyá Kéré ni ohun ìní ọba wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, òun sì ni ó ń gbé adé lé ọba lórí. Yàrá, àgbàlá àti ojúbọ wọn ni iná kọ́kọ́ ń jó, àwọn ni a sì máa ń bi gbẹ̀yìn. Nínú èyí, ìgbìmọ̀ ìjòyè àti àtẹ onímọ̀ jọ ara wọn ju bí ẹnikẹ́ni nínú wọn yóò ṣe fẹ́ gbà.

Ohun méjì ni bẹẹrẹ ní tí àtẹ kò ní. Èkínní, kò pa ìdáhùn pọ̀: ìlú tí kò wá, orúkọ rẹ̀ ni a ó dá, a kò ní fi tirẹ̀ kún ti ìlú tí ó wá kí a tó pín in. Èkejì, kì í béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí ó wá ní ọdún yìí lè má wá ní ọdún tí ń bọ̀, òrùlé yóò sì jò kí gbogbo ayé rí i. Kò sí ohun tí ó ní kí àtẹ má lè kọ́ àwọn ìwà wọ̀nyí. Ó lè tẹ ìdáhùn ìdílé kọ̀ọ̀kan jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ó tó sọ wọ́n di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn. Bí 9 àti 1/9 bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ó dúró níbẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ pé ìpinnu kò tíì sí. Ó lè padà wá béèrè. Èyí yóò náni lówó, olùdámọ̀ràn tí wọ́n ti san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta kò sì ní fẹ́ gbọ́ ọ.

Ibì kan wà tí a ti lè dán an wò. Ọ̀yọ́ Ilé wà nínú ọgbà ìpamọ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991, tí olú-iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ọ̀yọ́. Nàìjíríà ti fi orúkọ ibẹ̀ sí inú àkọsílẹ̀ ìdúró-dè lọ́dọ̀ UNESCO láti 1995. Ògiri amọ̀ rẹ̀, tí Robert Soper àti Patrick Darling wọ̀n tí wọ́n sì ròyìn rẹ̀ ní 1980, ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ òjò. Ọjọ́ kan yóò wà tí ẹnìkan yóò gbé àtẹ lọ síbẹ̀ láti pinnu bóyá kí a tún ààfin kọ́ fún arìnrìn-àjò, kí a kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, tàbí kí a fi í sílẹ̀ fún koríko. Ààfin Ọ̀yọ́ ni yóò kọ́kọ́ lọ béèrè, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, kì í ṣe Àgọ́-Ọjà nìkan ni wọ́n sá lọ. Ògbómọ̀ṣọ́ gba nínú wọn, Ìbàdàn gba nínú wọn, àwọn agboolé kan sì wà ní ìlú méjèèjì tí oríkì wọn ṣì ń pe Ọ̀yọ́ Ilé ní ilé. Àwọn agboolé wọ̀nyí kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn.